Yàrá Mẹ́rin inú Àlá Ọmọ-ọmọ Mi

Ọmọ-ọmọ mi lálá kan, èmi ni mo fi ẹnu ara mi tú u síta. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀, ara mi ni mo sì kọ́kọ́ bínú sí.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni. Èmi àti ọmọ náà jókòó nílé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Àkóbọ̀, à ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ń múra ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń gbé ìwé ńlá kan kiri, àwòrán ọkàn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, pé ẹ̀jẹ̀ á gba tibí wọlé, á gba tọ̀hún jáde. Ó kà á fún ọjọ́ mẹ́ta, kò wọlé. Tó bá kà á sókè dé ìdajì, á pòrúrù mọ́ ọn lẹ́nu, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èmi tí mò ń gbọ́ láti pálọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdajì yẹn ju òun lọ.

"Màmá àgbà, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá," ó ní. "Mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi àtijọ́. Mo wọ yunifọ́ọ̀mù wa, ó ti há mọ́ mi lára. Kíláàsì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, èmi ni ẹ̀jẹ̀."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni ẹ̀jẹ̀. Mò ń ti inú kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí sí, mi ò lè padà sẹ́yìn. Mo jáde sí pápá ìṣeré, mo gba afẹ́fẹ́, mo tún gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé. Ẹ̀yin wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tó kẹ́yìn. Ẹ fà mí mọ́ra, ẹ di irun mi, ẹ ní kí n máa lọ, pé gbogbo ara ló ń dúró dè mí."

"Irun wo ni mo dì fún ẹ?"

"Ṣùkú."

"Ó dáa náà. Ẹ̀jẹ̀ tó di ṣùkú."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ló bá gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó fa bébà kan yọ, ó ya yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìwo ìwé. Ó fi bírò tọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ó ti wọlé, Màmá àgbà."

Kò yà mí lẹ́nu rárá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kọ́ṣẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí owó tó tán, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, onídìrí ni. Nígbà tó ń kọ́ mi ní ṣùkú, ojú mi rí nǹkan. Gbogbo ìlà tó bá ti etí orí gbéra ló gbọ́dọ̀ gòkè lọ pàdé ara wọn ní àtàrí, kí ọ̀kankan má ṣìnà. Tèmi ń pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Obìnrin yìí á fi òòyà gbá mi níka, kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: kì í kọ́ èèyàn ní irun tuntun láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló fi ń kọ́ ọ. Á dì í lẹ́ẹ̀kan kó o wò ó, ìwọ náà á dì í lẹ́ẹ̀kan kó o bà á jẹ́, á wá ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹun, kó o lọ sùn. Ọwọ́ ẹ á máa bá a lọ lójú oorun." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò tó sọ pé kó o dì í lójú òun.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ṣùkú wọ̀ mí lọ́wọ́, oko àgbàdo ni mo lá. Mo ń di irun orí àgbàdo kọ̀ọ̀kan, bí àwa ọmọdé ṣe máa ń ṣe nígbà tá a bá ń ṣeré lóko bàbá mi. Gbogbo oko ló jókòó tí wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ tá a jọ ń sùn lórí ẹní lọ fẹjọ́ mi sùn pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa irun òun tu lóru. Orí rẹ̀ náà ni mo dì láàárọ̀ yẹn, gbogbo ìlà pàdé ní àtàrí. Àbúrò ìyá mi wò ó yíká, ó ní, "Ó hàn pé o sùn dáadáa." Ìyìn tí mo gbà nìyẹn.

Mo gbé òfin yẹn wá sí Ìbàdàn. Mo fi kọ́ gbogbo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún ibẹ̀ bámú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ nípa ọpọlọ, sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún mi pé bí èèyàn bá sùn ni ọpọlọ rẹ̀ máa ń to ohun tó kọ́ lójúmọmọ, èyí tí yóò pa mọ́ àti èyí tí yóò dà nù. Ó ní àlá lè jẹ́ ara ìtòjọ náà, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí. Mo ní kí wọ́n máa jiyàn lọ, kí òun tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ọmọ-ọmọ mi ní ẹrù tuntun tí kò ríbi gbé e sí, ọpọlọ rẹ̀ wá ilé tó ti mọ̀ tinú-tẹ̀yìn, ó kó o síbẹ̀. Ilé ìwé tó lo ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ ni. Ibo ni kí ó tún kó o sí?

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọmọ mi nìyẹn, àkọ́bí mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, òun ló ń dá ilé mójú tó, èmi sì ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún mi ò ti jẹ́ kí n lè dúró dìrí mọ́. Ó ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró.

"Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Màámi? Tó ti jáde?"

"Ó tiẹ̀ wọ yunifọ́ọ̀mù. Ó ní ó há mọ́ òun."

"Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ni kí n ṣe sí i?"

"Màámi, ìfàsẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tó ń lọ síwájú, ṣé ilé ìwé tó ti jáde ló yẹ kó máa padà sí? Tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?"

Mi ò kọ́kọ́ gbà pé kì í ṣe àwàdà. Ní ọjọ́ Tusidé, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà nínú ìjọ wọn dé. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ní kí ọmọ sọ àlá náà látòkè délẹ̀. Ọmọ sọ ọ́. Òtítọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ta ló di irun ẹ níbẹ̀?" obìnrin náà bi í.

"Màmá àgbà ni, mà."

Kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló wò. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé orí ọmọ kì í ṣe ohun tí gbogbo ọwọ́ ń kàn.

Ọmọ mi gbọ́ ọ. Ọwọ́ yìí ló di irun tirẹ̀ láti ìgbà tó ti ní irun lórí. Irun tó fi lọ ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, irun tó fi wọ yunifásítì, ọwọ́ yìí náà ni. Ó jókòó níbẹ̀, ó ń yí òrùka ìka rẹ̀.

Ohun tí Ìyá Àdúrà là sílẹ̀ ni pé, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọmọ ò gbọdọ̀ sùn láti agogo méjìlá òru títí di márùn-ún ìdájí. Àkókò yẹn ni wọ́n fi ń fa èèyàn padà, ó ní. Kò sì gbọdọ̀ sùn lọ́sàn-án, kí wọ́n má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bó bá ti gbàdúrà tán lóru, kó máa kàwé. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí rẹ̀ títí ìdánwò yóò fi kọjá. Ẹnikẹ́ni yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Mo dákẹ́. Mo ń kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá kà á lè bá mi wí. Mo ro ó pé tí arúgbó bá ń jà nítorí oorun ọmọ nínú ilé tí wọ́n ti ń wo ọwọ́ rẹ̀, ẹjọ́ náà á dorí ẹ̀. Mo ro ara mi, mi ò ro ọmọ.

Ọmọ náà gbìyànjú. Ó ń jẹ orógbó, ó ń mu kọfí tó dúdú bí èédú. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ní òun ń kàwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú ìwé ogójì lóru kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi ṣúgà sí ẹ̀wà dípò iyọ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán kó tó mọ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì ní Bódìjà pe ìyá rẹ̀ pé ọmọ yìí ti ń gbàgbé ohun tó ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọmọ mi ní ìdojúkọ ti ń pọ̀ sí i nìyẹn, pé àfi kí àwọn tẹra mọ́ ọn. Òun náà ń bá a jí lóru, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá dé ọ́fíìsì, á gbórí lé tábìlì, á sùn títí wọn á fi jí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ò ní tábìlì kankan tó lè gbórí lé.

Mo bi ọmọ lọ́jọ́ kan bóyá ó ṣì ń lálá.

"Rárá o, Màmá àgbà. Mo kàn máa ń kú ni, wọ́n á tún jí mi."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àkókò náà pé, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ọmọ-ọmọ mi ni. Ó ti parí lẹ́sìnnì.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mọ́mì. Mo wà ní Bódìjà níwájú ọjà. Márúwá wo la máa ń wọ̀ dé ilé?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tó ti ń gba ọ̀nà yẹn láti ìgbà tó wà ní JSS. Mo gbọ́ tó ń mí. Kò ṣeré. Ó ń sunkún, kò sì fẹ́ kí n gbọ́.

Mo ní kó dúró síbi tó wà, kó di òpó kan mú. Mo wọ bàtà, mo wọ márúwá. Nígbà tí mo débẹ̀, ó di òpó iná mú lóòótọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mi ò mú un lọ sílé. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, tí ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń bójú tó. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ní kó dùbúlẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà kan tán tó fi sùn lọ. Mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ìkélé náà, mo jókòó, mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Aago márùn-ún ku díẹ̀ ló dé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Màámi, ẹ ti jẹ́ kó sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ ti da gbogbo ẹ̀ nù."

"Jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n jí i."

Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì dí ọ̀nà. "Ó wà lẹ́yìn mi. Dá ẹsẹ̀ mi kọjá, kó o jí i."

Ó dúró. Mo mọ ọmọ tí mo bí, kò ní dá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kọjá láéláé, àdúrà yòówù kí wọ́n kọ́ ọ. Obìnrin tó ń dìrí lọ́wọ́ bá oníbàárà rẹ̀ jáde síta, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba atẹ́gùn.

"Ó pè mí láti Bódìjà," mo ní. "Kò rántí ọ̀nà ilé."

"Ohun tí wọ́n ń sọ náà nìyẹn, Màámi. Wọ́n ti ń jí ọpọlọ rẹ̀ kó."

"Ta ni wọ́n?"

Ó tún ń yí òrùka ìka rẹ̀.

"Mo ní ta ni wọ́n. Dárúkọ."

"Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni."

"O ò sọ ọ́. O kàn gbà pé kí n má di irun ẹ̀ mọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ń jí ọpọlọ kó, orí tìẹ ni mo kọ́kọ́ dì. Ṣé o gbàgbé ọ̀nà ilé lónìí?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo rọra ń sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ tó ń sùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ. Mo ní àlá ọmọ yẹn ni ibi tí ìwé ti wọ̀ ọ́ lórí, ìyá rẹ̀ ló wá fi ọlọ́pàá sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Mo ní ó ń sùn lórí tábìlì ìjọba, ọmọ rẹ̀ ń di òpó iná mú ní Bódìjà. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó gbé báàgì lé itan, ó ń gbọ́.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́fà, ọmọ jí fúnra rẹ̀. Láti ọ̀sán ni ètè rẹ̀ ti ń mì, tí ìka rẹ̀ ń fà lórí ẹní. Ìyá rẹ̀ yára bi í, "Kí lo lá?"

Ọmọ wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ògiri.

"Mi ò lá nǹkan kan, mọ́mì."

Irọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ọmọ tó sáré wá sọ àlá rẹ̀ fún mi lórí àtẹ ẹ̀wà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àlá pa mọ́.

Ìyá rẹ̀ bọ́ síta, ó tẹ Ìyá Àdúrà láago, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó padà wọlé, ó ní kí ọmọ máa sùn, òun á máa jí dípò rẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní tábìlì ló yẹ kó máa jí.

Ọmọ sùn títí di ọjọ́ ìdánwò. Èmi ni mo sìn ín lọ, mo dúró sábẹ́ ibòji níta pẹ̀lú àwọn òbí yòókù. Nígbà tó jáde, kò sunkún. Ó ní ìbéèrè ọkàn wà níbẹ̀, òun rìn ín já bí ẹni ń rìn nínú ilé. Ohun tí òun kà kí wọ́n tó ní kí òun má sùn, òun bá wọn níbẹ̀ bí òun ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

"Àwọn tí mo kà lóru yẹn ńkọ́? Mo rántí ojú ìwé wọn, Màmá àgbà. Mo rántí ibi tí kọfí ta sí lára ẹ̀. Mi ò rántí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀."

Máàkì tó gbà ò gbé e dé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ní Ọlọ́run ló mọ àkókò tó dára jù. Mo ní kó fi Ọlọ́run sílẹ̀ níbi tó wà, Òun ló dá oorun.

Ọmọ ti tún ń kàwé báyìí. Mo ti gbé ibùsùn mi lọ sí yàrá rẹ̀. Ìbínú mi ò tíì tán, mi ò sì fẹ́ kó tètè tán.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Ìyá Àdúrà wá kí wa lọ́sàn-án. Ọmọ ń sùn nínú yàrá, ó ti kàwé láti àárọ̀. Obìnrin náà jókòó, ó ní a ò ṣáà mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní àwọn ò tètè gbógun ti àlá náà. Mo bi í pé wákàtí mélòó ló máa ń sùn lóru.

"Mo máa ń gbìyànjú, mà. Tó bá tó wákàtí méje, mo máa ń dúpẹ́."

"Ó dáa," mo ní. "Ó hàn lára yín."

Ó dìde, ó ní kí á gbàdúrà, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ń mi fèrèsé. Mo ní kó rẹ ohùn sílẹ̀, ọmọ ń sùn. Ó la ojú, ó wo ọmọ mi pé kó gbèjà òun. Ọmọ mi dìde. Mi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tó máa tọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àwa méjèèjì kọjá, ó lọ fa ilẹ̀kùn yàrá ọmọ pọ̀, jẹ́ẹ́, kó má dún. Ó padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, kò wo ojú mi.

Ìyá Àdúrà parí àdúrà náà pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.